Ẹsẹ̀ Wà nínú POP, Apá Fẹ́ Ṣiṣẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Eré Ìdárayá Òkè Ara Láì Pa Ẹsẹ̀ Lára

Ọ̀nà méjì ni èèyàn tó fẹsẹ̀ ṣèṣe máa ń gbà ṣìṣe. Àwọn kan á sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n bá máa fi dìde, apá wọn á ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa, kírọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá abẹ́ abíyá tó yẹ kó gbé wọn, á wá di ẹrù sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà kejì ni èmi gbà. Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kán lórí pápá bọ́ọ̀lù, ọjọ́ kọkànlá ni mo dìde dúró lórí ẹsẹ̀ òsì nínú yàrá, tí mo ń ti dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì kílò 10 sókè orí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo yẹ̀. Ara ò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó gbé ẹsẹ̀ tó wà nínú POP, ìdè funfun líle tí wọ́n fi ń de eegun tó kán, kalẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀ dúró. Bí mo ṣe padà sídìí X-ray nìyẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tèmi ti tó fún gbogbo wa.

Kì í ṣe pé mo ṣe eré ìdárayá ló burú. Ohun tí mo fi yan eré náà ló burú. Iṣan tí mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni mo wò, mi ò wo ibi tí ẹsẹ̀ mi wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú eré tí à ń pè ní ti apá, ẹsẹ̀ ló ń gbé e láti ìsàlẹ̀, a ò kàn kíyè sí i nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì pé. Nítorí náà, ní gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹsẹ̀ la máa kọ́kọ́ wò kí a tó wo apá.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo farapa, láti orúnkún wá sísàlẹ̀, ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ọrùn ẹsẹ̀ tó kán tàbí tó rọ́, ojúgun tó ṣẹ́, iṣan orúnkún tó já. Tó bá jẹ́ ìbàdí, ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ má fi èyí ṣe, torí pé bí ẹ ṣe máa jókòó gan-an yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Gbólóhùn kan láti ẹnu dókítà tàbí físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ní ilé ìwòsàn) nípa ìwúwo tí ẹsẹ̀ náà lè gbà. Ìpele 1 dá lé e lórí.
- Àga onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wúwo, irú èyí tí a fi ń jẹun. Àga rọ́bà funfun tí a máa ń háyà fún òde kì í ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí táìsì, tí èèyàn bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára, ó lè kán lójijì. Ẹ má lo àga ọ́fíìsì tó ní táyà náà.
- Àpótí kan àti ìrọ̀rí méjì tí ẹsẹ̀ máa sinmi lé.
- Ohun tí ẹ máa gbé. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ike omi lítà 1.5 jẹ́ kílò 1.5, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún sì jẹ́ kílò 5. Tí ẹ bá da iyanrìn gbígbẹ kún ike lítà 1.5 yẹn, á sún mọ́ kílò 2.5. Àpò pure water tó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50, wọn kílò 10, ṣùgbọ́n kò ní ibi ìdìmú, ó sì máa ń yọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ.
- Rọ́bà fífà. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan eré ìdárayá, ṣùgbọ́n tíúbù ọ̀kadà tí fọkanáísà ti pa tì náà á ṣe é. Ẹ là á ní gígùn, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wò ó tinú tòde bóyá ó ti ń sán. Tíúbù tó bá já lójú ẹni kì í ṣe ohun àfiṣeré.
- Ẹnì kan nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Kì í ṣe láti bá yín gbé nǹkan o. Kó kàn dúró tì yín nígbà tí ẹ bá ń jókòó àti nígbà tí ẹ bá ń dìde ni. Eré kìíní ní Ìpele 4 nìkan ló máa nílò ẹni tó ń di àga mú ní gbogbo ìgbà.

Ìpele 1: Ẹ gba gbólóhùn kan tó ṣe kedere

Ní ilé ìwòsàn, "ẹ máa sinmi" tàbí "ẹ lè máa rìn díẹ̀díẹ̀" ni wọ́n sábà máa ń sọ fún wa, àwa náà á sì dúpẹ́, a ó máa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tó láti fi yan eré kankan. Ẹ béèrè báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ rárá ni, àbí ó lè kàn án láìgbé ìwúwo, àbí mo lè gbé díẹ̀ lára ìwúwo mi lé e, àbí kí n máa gbé e lé e bí ara bá ṣe gbà á?" Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ tiyín.

Lẹ́yìn náà: "Oríkèé wo ni ò gbọdọ̀ ká? Èwo ló lè ká, ibo ló sì lè ká dé?" Ẹni tó wọ ìdè orúnkún nílò ìdáhùn yìí ju ẹni tó wà nínú POP lọ, torí pé ìdè ṣeé tú, ọwọ́ sì máa ń yá èèyàn láti tú u. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó sọ ọ́ níbẹ̀ gan-an, torí gbígbé nǹkan máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ló lọ, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ ya X-ray kí ẹ tó gbé ohunkóhun. Ọwọ́ tí a fi tẹ awọ kò lè sọ bóyá eegun abẹ́ rẹ̀ ti jọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń pa èèyàn: Tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá ń dùn yín, tó wú tàbí tó gbóná, tàbí tí èémí yín kúrú lójijì tí àyà sì ń dùn yín, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú ẹsẹ̀ kó sì ti gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe pé eré ti rẹ̀ yín. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà, ní wákàtí náà. Tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu POP bá tutù, tó funfun tàbí tó ń dúdú, tó ń kú, tàbí tí ìrora inú POP ń le sí i tí oògùn ò sì kápá rẹ̀, ilé ìwòsàn náà ni. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun tó wú.

Àyẹ̀wò: Ẹ sọ gbólóhùn yín fún ẹnì kan nínú ilé láìwo ìwé. Fún àpẹẹrẹ: "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí di ìgbà tí mo bá padà lọ, orúnkún lè ká, ọrùn ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ yí." Tí ẹ bá ń kólòlò, ẹ padà lọ béèrè.

Ìpele 2: Ẹ sẹ́ eré yín bí ẹni ń sẹ́ ògì

Ẹ da gbogbo eré tí ẹ mọ̀ sínú asẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni asẹ́ náà.

Ìkíní: níbo ni ẹsẹ̀ tó farapa máa wà, kí ló sì máa ṣe? Ìdáhùn kan ṣoṣo ló dára: ó máa sinmi lórí nǹkan, kò ní ṣe ohunkóhun.

Ìkejì: bí ohun tó wà lọ́wọ́ mi bá já bọ́, kí ló máa bọ́ lé?

Ìkẹta: báwo ni mo ṣe máa débẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa kúrò níbẹ̀? Ìkẹta yìí ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé. Eré náà fúnra rẹ̀ lè dára, kó jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ń dìde nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ máa gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká jọ sẹ́ díẹ̀.

Títi irin lórí bẹ́ǹṣì jọ eré apá àti àyà lásán. Ẹ wá wo ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe: gìgísẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, agbára ń gba itan àti ìbàdí gòkè wá. Tí ẹsẹ̀ kan bá ń tẹ ilẹ̀ tí ìkejì ò lè tẹ̀ ẹ́, ara á máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ irin. Bó ṣe wà yẹn, kò kọjá asẹ́. Ó lè kọjá tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà lórí bẹ́ǹṣì, tí ìwúwo sì dín kù gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdíje gbígbé irin Paralympics, ìdíje àgbáyé àwọn aláàbọ̀ ara: orí bẹ́ǹṣì ni ẹsẹ̀ ń wà, wọ́n lè fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ọn, bẹ́ǹṣì wọn sì fẹ̀ fún un. Folashade Oluwafemiayo tiwa gba wúrà níbẹ̀ fún Nàìjíríà ní Tokyo, ó tún gbà á ní Paris lọ́dún 2024. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé láìsí ẹsẹ̀ àyà ò lè lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba irin máa ń dúró tì wọ́n, bẹ́ǹṣì jíìmù àdúgbò wa sì tóóró. Ọ̀nà dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì tàbí rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Fífa nǹkan sí àyà pẹ̀lú ìdúró, tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ síwájú, kò kọjá rárá. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ló ń gbé e. Fífa rọ́bà lórí ìjókòó kọjá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà níbí: èèyàn á jókòó, á na ẹsẹ̀, á sì fi rọ́bà kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, títí kan èyí tó farapa, á wá máa fà. Gbogbo agbára apá yín ni ọrùn ẹsẹ̀ yẹn ń gbà. Ara irin ojú fèrèsé tàbí òpó tí kò mì ni kí ẹ so rọ́bà mọ́.

Press-up (dídojúbolẹ̀ kí a máa fi ọwọ́ ti ara sókè) àti plank (dídúró bẹ́ẹ̀ láìmira): ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń gbé ìdajì ìsàlẹ̀ ara. Wọn ò kọjá. Ẹni tó bá ní òun máa gbé ẹsẹ̀ kan sókè kó rántí bí mo ṣe yẹ̀. Ẹni tó fara pa lọ́rùn ẹsẹ̀ lè rò pé òun á fi orúnkún lélẹ̀, àmọ́ iwájú POP á máa gún ilẹ̀, dídìde níbẹ̀ sì jẹ́ wàhálà. Fún ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ẹ má dán an wò.

Fífa ara sókè lórí irin dára títí dìgbà tí ọwọ́ bá rẹ̀ yín. Ìgbà yẹn lẹ máa bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjì ló sì máa ń kanlẹ̀. Ìbéèrè kẹta ti lé e jáde. Ẹ̀rọ tí èèyàn jókòó sí tó ń fa irin wá sílẹ̀ láti òkè kọjá fún ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹni tí orúnkún ń dùn ní láti ṣọ́ra, nítorí tìmùtìmù tí wọ́n fi ń tẹ itan mọ́lẹ̀ lè máa ti orúnkún náà. Kíki ọwọ́ sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì kí ìdí máa lọ sílẹ̀ sókè, gìgísẹ̀ ló ń gbé e, kò kọjá. Ẹ̀rọ ìwakọ̀ ojú omi tó wà ní jíìmù? Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni ju ti apá lọ. Ẹ máa wò ó lókèèrè.

Ohun tó máa ń kọjá fún gbogbo èèyàn ni èyí tí a ṣe lórí àga tó dúró gbọn-in, pẹ̀lú rọ́bà tàbí ìwúwo kékeré. Kò wuni lójú. Kò sì sẹ́ni tó máa ya yín ní fídíò.

Àyẹ̀wò: Fún eré kọ̀ọ̀kan tí ẹ mú, ẹ ṣe é láìgbé nǹkan kan, kí ẹnì kan fi ọwọ́ sí abẹ́ gìgísẹ̀ POP tàbí ìdè yín. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ ń tẹ òun mọ́lẹ̀, eré yẹn ń lo ẹsẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìpele 3: Ẹ to àga kí ẹ tó to ara

Ẹ̀yìn àga kó fara ti ògiri. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ táìsì, ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì tí kì í yọ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Aṣọ lásán á tún jẹ́ kó yọ̀ sí i ni. Ẹsẹ̀ tó pé kó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ kó ká bíi ti ẹni tó ń jẹun. Ẹsẹ̀ tó farapa kó wà lórí àpótí pẹ̀lú ìrọ̀rí, kí ìrọ̀rí gba gbogbo abẹ́ ojúgun. Tó bá jẹ́ gìgísẹ̀ nìkan ló kan àpótí, orúnkún á máa rọ̀ láàárín bí afárá tí kò ní òpó, á sì dùn yín kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé.

Kírọ́ọ̀ṣì méjèèjì kó wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó wọn láìnà. Ẹ má fi wọ́n ti ògiri, wọ́n á ṣubú. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó pé. Ìwúwo tí ẹ máa gbé kó wà lórí tábìlì tó bá ìgbáròkó yín dọ́gba, kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, torí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àga mú kẹ́ẹ̀gì ló máa ń ṣubú. Àwọn ọmọdé kó jáde nínú yàrá. Ajá náà.

Àyẹ̀wò: Kí ẹ tó jókòó, kí ẹnì kejì di àga mú, kó mì ín síwá sẹ́yìn tagbáratagbára. Kò gbọdọ̀ sún. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ na apá méjèèjì sókè, ẹ yí sọ́tùn-ún, ẹ yí sósì. Tí ìdí yín bá ń gbéra lórí àga, àga yẹn ga jù tàbí ó tóóró jù.

Ìpele 4: Ẹ mú márùn-ún péré

Ẹ má kó ogún jọ. Eré márùn-ún tó bo títì, fífà, òkè orí, ẹ̀yìn apá àti àárín ara ti tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

1. *Fífa rọ́bà sí ìhà.* Ẹ so rọ́bà mọ́ irin tó wà ní ọ̀kánkán àyà yín, ẹ yí àga kọjú sí i. Èyí nìkan ni àga ò ti ní fara ti ògiri, nítorí náà kí ẹnì kan jókòó sórí àga mìíràn lẹ́yìn yín, kó di tiyín mú. Ẹ fa ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn títí èjìká méjèèjì á fi sún mọ́ra lẹ́yìn, ẹ dúró bí ẹni ka ení, èjì, ẹ jẹ́ kó padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí mo bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí ni màá mú, torí kírọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn èèyàn tẹ̀ bíi ti abuké, á mú èjìká wá síwájú.

2. *Títi rọ́bà síwájú.* Rọ́bà gba ẹ̀yìn yín kọjá lábẹ́ abíyá, ẹ di ìdí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ tì í síwájú láti àyà. Ẹni tó ní dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì tó sì lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó le lè máa ti dọ́ḿbẹ̀ẹ̀lì kékeré sókè níbẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Dídùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì sàn ju ti ilẹ̀ lọ torí ìbéèrè kẹta.

3. *Títi ike sókè orí.* Ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn yín fara ti àga. Tí ẹ̀yìn bá ń tẹ̀ bí ọrun, ìwúwo ti pọ̀ jù. Ẹni tí èjìká rẹ̀ ti ń ro ó látàrí kírọ́ọ̀ṣì kó fò èyí, kó fi gbígbé ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé ọ̀kánkán èjìká rọ́pò rẹ̀.

4. *Fífi ọwọ́ gbé ara kúrò lórí àga.* Ẹ di apá àga mú, tàbí ẹ tẹ ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí tí àga ò bá lápá, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìdí á fi gbéra ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹsẹ̀ tó pé lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀. Èyí tó farapa kó wà lórí àpótí. Ìka méjì ti tó o! Iṣan tí ẹ fi ń dìde sórí kírọ́ọ̀ṣì gan-an nìyí, ẹ máa rí àǹfààní rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dìde nílé ìwẹ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn kó fi rọ́bà ṣe é: ẹ so ó sókè, ẹ nà án wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà.

5. *Kíkọ̀ fún rọ́bà.* Rọ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú sí àyà, ẹ tì í síwájú tààrà, ẹ má jẹ́ kó yí yín. Ẹ ka mẹ́ta, ẹ dá a padà. Ó jọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, títí ìhà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Iwájú apá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Fífà ti lò ó. Tí ẹ bá fẹ́ fi kún un torí ẹwà, ẹ fi kún un níparí, lórí ìjókòó.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọkàn náà ṣiṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ máa ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ sinmi 30, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó pé dúró sójú kan. Bí ẹsẹ̀ tó farapa bá ń jó lórí àpótí, ẹ dín ìyára kù.

Ẹ má pa ẹsẹ̀ tó pé tì. Nínà án láti orí àga pẹ̀lú rọ́bà ń ṣe ju pé kó máa lágbára lọ: ìwádìí ti fi hàn pé tí a bá ń kọ́ ẹsẹ̀ kan, èyí tí kò ṣiṣẹ́ náà máa ń jàǹfààní díẹ̀ nínú agbára rẹ̀, torí ọpọlọ kan náà ló ń darí méjèèjì. Ẹ bi físíò yín léèrè iye tó yẹ.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣe márààrún ní sẹ́ẹ̀tì kan láìyára (sẹ́ẹ̀tì kan ni iye ìgbà tí ẹ ṣe eré kan léraléra kí ẹ tó sinmi). Ibi tó yẹ kó rẹ̀ yín ni apá, àyà, ẹ̀yìn àti ìhà. Tó bá jẹ́ itan ẹsẹ̀ tó farapa ló rẹ̀, ó ti ń gbára le láìgbàṣẹ. Ẹ padà sí Ìpele 2.

Ìpele 5: Iye àti ìwúwo

Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan ó kéré tán láàárín. Ọ̀sẹ̀ kìíní: sẹ́ẹ̀tì 2, ìgbà 10 sí 12 fún eré kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó ṣì ku bíi méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ lè ṣe. Kì í ṣe àkókò láti ṣe é títí ọwọ́ á fi kọ̀, torí pé nígbà tí ọwọ́ bá kọ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń sáré wá gbà á. Ìgbà tí ẹ bá ṣe 15 tí ó sì ṣì ku méjì, ní ọjọ́ eré méjì tó tẹ̀ léra, ni kí ẹ fi ìwúwo kún un: láti ike omi sí ike iyanrìn, kì í ṣe láti ike omi sí kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ máa mí síta nígbà tí ẹ bá ń tì tàbí tí ẹ bá ń fà. Ẹni tó ń há èémí mọ́nú ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè láìnídìí, á sì máa fi gbogbo ara rọ́ gìrì, títí kan ẹsẹ̀.

Ẹ ka kírọ́ọ̀ṣì mọ́ eré. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nìyí. Ọjọ́ tí ẹ bá fi kírọ́ọ̀ṣì lọ sí báńkì, tí ẹ gun àtẹ̀gùn, tí ẹ tún dúró nídìí ọkọ̀, ọwọ́, èjìká àti àyà yín ti ṣe eré títì tiwọn. Lọ́jọ́ yẹn, fífà nìkan ni kí ẹ ṣe. Ẹ sì wo bí kírọ́ọ̀ṣì ṣe ga tó: àyè ìka méjì sí mẹ́ta kó wà láàárín orí rẹ̀ àti abíyá, ìgbọ̀nwọ́ kó ká díẹ̀. Ọwọ́ ló ń gbé yín, kì í ṣe abíyá. Tí ọwọ́ bá ń kú tàbí tó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú ìka, tí ẹ ò sì lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè dáadáa, kírọ́ọ̀ṣì ti ń tẹ iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ gba abíyá lọ sí ọwọ́. Ẹ dá eré dúró kí ẹ lọ fi hàn físíò.

Ẹ má sì fi ebi pa ara yín nítorí ẹ̀rù sísanra. Eegun ń jọ, iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é wà nínú ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti wàrà. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin kan kò ní ba ohunkóhun jẹ́.

Àyẹ̀wò: Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdáhùn wà. Tí ẹ bá wọ bàńdéèjì tàbí bàtà ìdè tó ṣeé tú pẹ̀lú àṣẹ, ẹ fi òwú wọn yíká ọrùn ẹsẹ̀ kí ẹ tó ṣe eré, ẹ ta kókó sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní àárọ̀. Tí kókó ò bá pàdé mọ́, ẹsẹ̀ ti wú sí i. Nínú POP, ọmọ ìka ni kí ẹ wò: ẹ tẹ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kó funfun, ẹ jẹ́ kó lọ, àwọ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ẹ tó ka ení, èjì tán. Apá tó ń ro yín díẹ̀ kò burú. Bí ẹsẹ̀ bá dùn ju ti àná lọ, ẹ sinmi ọjọ́ méjì, ẹ dín sẹ́ẹ̀tì kù sí ẹyọ kan. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, físíò ló kàn.

Ìpele 6: Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ POP

Ọjọ́ yìí léwu ju ọjọ́ kìíní lọ. Apá ti lágbára, ẹsẹ̀ ti tín-ín-rín, inú sì ń dùn. Mo mọ ẹni tó kúrò níbi tí wọ́n ti gé POP tó gba jíìmù lọ tààrà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn POP, ẹ má yí ohunkóhun padà nínú eré márùn-ún yẹn; ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹsẹ̀ á kúrò lórí àpótí, á tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, tí físíò bá gbà. Ó lè wú nírọ̀lẹ́. Ẹ gbé e sókè nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú eré kan ṣoṣo, èyí tó fúyẹ́ jù, kúrò lórí ìjókòó wá sórí ìdúró. Fífa rọ́bà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àga lẹ́yìn mi tí mo lè jókòó sí nígbàkígbà. Títi nǹkan sókè orí ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, torí bí ìwúwo bá ṣe ń ga sí i ni ọrùn ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ sí i láti má ṣe jẹ́ kí ara yẹ̀.

Àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣe eré kankan lórí ìdúró: Ẹ dúró sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ sún mọ́ tábìlì ṣùgbọ́n kó má kàn án. Kí ẹnì kan ka ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò gbọdọ̀ sí ìrora, ẹ ò sì gbọdọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ tó pé. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú apá méjèèjì nínà síwájú, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ike lítà 1.5 kan lọ́wọ́. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ dáadáa ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè dìde. Ẹ ṣì jẹ́ kí àga wà lẹ́yìn yín.